Òjóró Tí O Gbé Sínú Kọ̀ǹpútà Efosa

Ilé wa, Oregbeni,
Benin City.

Olúmìdé ọmọ mi, Àlàbí ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Ìbàdàn gbà ọ́? Ṣé o ń rí oúnjẹ gidi jẹ, àbí búrẹ́dì lo fi ń gbéra? Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ bi ọ́, nítorí ìyá ni mí, bí inú bá tilẹ̀ ń bí mi, mi ò ní fẹ́ kí ebi pa ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kí ọ tán báyìí. Jẹ́ kí n pariwo. Háà! Olúmìdé! Ìwọ! Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́!

Mo ti ń pè ọ́ láti ìgbà tí o ti pa fóònù mọ́ mi létí lọ́jọ́ Sátidé, o kò gbé e. Fóònù á dún títí á fi dákẹ́, n ó tún pè, á tún dún títí á fi dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, tí mo ní kí n kọ ohun tí etí rẹ ń sá fún. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́la ni yóò mú un wá fún ọ. Mo mọ̀ pé wàá ní, "Mummy, why you dey write Yoruba?" Yorùbá ni mo fẹ́ kọ. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, á dà bíi pé ọ́fíìsì ló kọ ìwé sí ọ. Kà á sókè fún ara rẹ, ibi tí kò bá yé ọ, tún un kà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní a, b, d ní pálọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pidgin lo fi ń dá mi lóhùn láti ìgbà náà.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà fún ọ, nítorí ìdajì rẹ̀ ni o mọ̀. Ohùn mi lo gbọ́. O kò rí ojú mi, o kò sì mọ ẹni tó jókòó sí pálọ̀ wa nígbà tí à ń sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo ń dín dòdò. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ṣí i, Efosa ni. O mọ̀ pé ọmọ yẹn kì í kan ilẹ̀kùn wa. Láti kékeré yín ló ti máa ń wọlé bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀, tí á gba kíṣìnì lọ tààrà, tí á ṣí ìkòkò wò. Bó ṣe dúró síta lọ́jọ́ náà tó ń dúró kí n ní kó wọlé, àyà mi ti já. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo ní, "Efosa, kí ló dé? Ṣé ara ìyá rẹ le?" Ó ní, "Mummy, I no know wetin I do God."

Mo ní kó jókòó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ó ní àwọn tó ń ṣètò ìdíje géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí òun, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ yín jọ ń gbá ti lé òun jáde. Wọ́n ní òun ń ṣe òjóró. Wọ́n ní ohun tí àwọn fi ń ṣọ́ àwọn tó ń gbá géèmù náà rí nǹkan kan tó sá pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà òun. Ó ní tí èèyàn bá ti ní nǹkan ọ̀hún, yóò máa rí ọ̀tá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri nínú géèmù náà, ìbọn á sì máa dojú kọ ọ̀tá fúnra rẹ̀, kó tó di pé ọwọ́ kàn án. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa géèmù, ìwọ náà mọ̀. Àmọ́ ìyẹn yé mi kíákíá. Ẹ̀yin ń pè é ní cheat. Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, àwa ń pè é ní ẹ́sìpò.

Mo bi í pé, "Efosa, wò mí. Ṣé ìwọ lo fi síbẹ̀?" Ó ní, "Mummy, I swear, I no even know say the thing dey there. Na me dey teach all of them how to play. Wetin I wan use am do?"

Mo gbà á gbọ́. O mọ iṣẹ́ mi. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Benin yìí kò kúkú pè mí ní "Madam Face Your Front" lásán. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ ìdánwò, mo ti mọ ojú ẹni tó jí ìwé wò yàtọ̀ sí ojú ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́. Ẹni tó jí i wò ló máa ń kọ́kọ́ bínú, á máa pariwo, á máa fi ìyá rẹ̀ búra. Ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ kì í tètè bínú. Ńṣe ni ẹnu máa ń yà á. Ẹnu ń ya Efosa.

Kò parí síbẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí nǹkan yẹn ti wọ inú kọ̀ǹpútà òun, àwọn kan tí òun kò mọ̀ rí ti gba í-meèlì òun mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n ń fi orúkọ òun kọ ìsọkúsọ sí àwọn ọ̀gá òun ní yunifásítì. Iṣẹ́ àṣekágbá tó ti ń kọ láti ọdún tó kọjá, wọ́n ti tì í pa, kò ṣeé ṣí mọ́. Ẹgbẹ́ eléré ńlá kan ní Èkó tó ti ní kó wá máa bá àwọn gbá géèmù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti ní kó ṣì dúró ná. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà máa sọ. Àwọn yẹn ní kó wá síwájú àwọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, kó mú ẹni tó lè sọ bí nǹkan náà ṣe dé inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání. Bí kò bá rí ẹni mú wá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pátápátá, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ síta pé olójóró ni.

Ìgbà náà ló sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní, "Mummy, abeg help me call Olu. E no dey pick my call, I know say work dey hold am. E sabi computer pass all of us. If e follow me talk to them, they go believe. Olu na my brother."

Olúmìdé, ṣé o gbọ́? Ọ̀dọ̀ rẹ ni ó ń bọ̀ wá fún ìrànlọ́wọ́.

Mo ní kò le. Dòdò wà lórí iná, torí náà mo gbé fóònù wọ kíṣìnì, mo pè ọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ní a óò rí i pé ọmọ mi yóò yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. O gbé e, o ní, "Mummy mi!" Mo ní, "Àlàbí, jọ̀ọ́, Efosa wà nínú wàhálà o, wọ́n ní wọ́n bá òjóró nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀." Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí o fi dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Mo ní, "Ẹ̀ló? Ẹ̀ló?" Ìgbà náà ni o sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ọmọdé tó tọ̀ sílé: "Mummy, na me put am there. Abeg, no tell am."

Yéè! Mo kú sára. O ń yára sọ ìyókù bíi pé ẹnìkan ń lé ọ. O ní iná kò sí ní Oregbeni lọ́jọ́ tí ìwọ fẹ́ gbá ìdíje tìrẹ, torí náà o lọ sí yàrá Efosa ní Ugbowo. O ní ó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀, ó lọ síbi ẹ̀kọ́. O ní bó ṣe jáde ni o gbé nǹkan náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. O ní ìwọ lo máa ń kẹ́yìn nínú ẹgbẹ́, o kàn fẹ́ borí lẹ́ẹ̀kan péré ni. O ní o rò pé o ti nù ún kúrò kó tó dé. O ní, "Mummy, if they hear am for my office, they go sack me." O sì pa fóònù.

Dòdò jó di èédú níwájú mi, mi ò rí i.

Mo dín òmíràn, mo bu ìrẹsì sí i, mo gbé e jáde fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Mummy, wetin Olu talk?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Èmi! Èmi tí mo máa ń gba bébà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó bojú wẹ̀yìn, mo dúró ní pálọ̀ mi, mo purọ́ nítorí tìrẹ. Efosa sì jẹun tán, ó gbé àwo wọ kíṣìnì, ó fọ̀ ọ́, ó ní, "Thank you, Mummy. God bless you. God bless Olu." Nígbà tó jáde, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, mo sunkún.

Mo sọ fún bàbá rẹ nígbà tó dé. Kò pariwo, ìyẹn ló tilẹ̀ dẹ́rù bà mí jù. Ó ní, "Olúmìdé tèmi?" Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síta, ó ń fọ mọ́tò tó ti fọ̀ láàárọ̀.

Ní báyìí, gbọ́ ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ. Mo ti ń kó o jọ láti ọjọ́ tí o ti gba iṣẹ́, mo fẹ́ fi ṣe àdúrà fún ọ, mi ò mọ̀ pé báyìí ni yóò ṣe jáde.

Èkíní. Má gbé ohun tí o kò mọ inú rẹ̀ wọ ilé rẹ, áḿbọ̀sì ilé onílé. Mo ti bi àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ mi, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sọ kò jẹ́ kí n lè jẹun. Wọ́n ní nǹkan òjóró yẹn, kó tó wọlé, yóò kọ́kọ́ ní kí o pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé o pa á? Ìyẹn ni pé olè ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé mégáàdì yín lọ kí n tó wọlé," ìwọ náà sì lé e lọ? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ la ògiri ológiri. Wọ́n tún ní àwọn tó ń ṣe nǹkan ọ̀hún kì í ṣe é nítorí àánú àwọn tí kò mọ géèmù gbá. Bí o ṣe ń yọjú wo ọ̀tá rẹ lẹ́yìn ògiri, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń yọjú wò ọ́: ohun tí o tẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ, fọ́tò rẹ, gbogbo rẹ̀. Tìrẹ kọ́ ni wọ́n rí lọ́jọ́ náà. Ti Efosa ni. Ó sá pamọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti jáde, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Ó yà mí lẹ́nu pé ìwọ, tí o kàwé lórí nǹkan wọ̀nyí, kò mọ̀. Àbí o mọ̀? Olúmìdé, dá mi lóhùn. Bí o bá mọ̀ tí o ṣì ṣe é, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà burú ju bí mo ṣe rò lọ.

Èkejì. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn kẹ́yìn. Bàbá mi ní Ọ̀wọ̀ fẹ́ràn ayò púpọ̀. Uncle Déjì rẹ, nígbà tó wà lọ́mọdé, máa ń há ọmọ ayò mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bàbá rí i, kò sọ̀rọ̀. Ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì í lójú gbogbo àdúgbò pé ọ̀ta ayò ti dé, pé ọmọ òun kò ní alátakò mọ́. Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pe ọ̀ta gidi láti ìsàlẹ̀ ìlú, ó ní kó wá bá Déjì ta. Ọ̀ta náà ní kí Déjì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kó la ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ta. Olúmìdé, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí tí ìyá mi fi gbá mi létí. Déjì kò rí ọmọ ayò kan ṣoṣo jẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ ayò bí ọ̀pẹ gidi, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ó sì padà mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Ìwọ, ọ̀pẹ ni ọ́ nínú géèmù yẹn. Kí ló dé? Efosa ń kọ́ ọ! Ọmọ tó ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni o lọ dá lóró.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, mi ò sì sọ ọ́ fún àbúrò rẹ náà.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn mi. A jọ ń lọ sí ìjọ kan náà. Ó mú ẹ́sìpò wọlé. Nígbà tí alábòójútó ń bọ̀, ó rún bébà náà, ó jù ú, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń jù ú. Wọ́n gbé mi dìde. Mo ní èmi kọ́, mo tọ́ka sí i. Ó dojú bolẹ̀, ó ń kọ̀wé lọ bí ẹni pé kò gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ni bébà wà, ta ni yóò gbà mí gbọ́? Wọ́n lé mi jáde, mo sì fi ọdún kan jókòó sílé. Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tí mo bá lọ pọnmi, àwọn ọ̀rẹ́ mi á dákẹ́. O kò lè mọ bó ṣe rí, àfi tí wọ́n bá ti fi irú ojú yẹn wò ọ́ rí. Bó o bá ń sọ òtítọ́, ńṣe ni wọ́n á máa mi orí.

Ọmọkùnrin náà ti di bàbá ńlá báyìí. Bí a bá pàdé níbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ará ilé wa, ó máa ń na ọwọ́ sí mi tayọ̀tayọ̀, á ní, "Sister, ẹ ò dàgbà rárá!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń rò pé bóyá lónìí ni yóò sọ ọ́. Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kàn sọ ọ́ ni, kódà tó bá jẹ́ ní ẹ̀yìn ilé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Kò sọ ọ́ rí. Ìdí tí mo fi yan iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, mo fẹ́ kí ojú kan wà ní gbọ̀ngàn tó ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ṣé o wá rí ohun tó ń dà mí láàmú? Gbogbo ayé mi ni mo fi ń ṣọ́ ọmọkùnrin yẹn, inú ilé mi ló ti jáde.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Jẹ́ ká pè é ní ẹ̀kẹrin. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ni. Mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ bí o bá jẹ́wọ́. Mo mọ̀. Mo rántí bí gbogbo wa ṣe pariwo lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ọ́, bí a ṣe jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ọ̀sẹ̀, bí Ìyá Efosa, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, tí kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ṣe bá wa jó, tó ń nu òógùn ojú mi. Ṣé o mọ ẹni tí obìnrin yẹn jẹ́ sí ọ? Nígbà tí mo bí ọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Benin ni, ìyá mi wà lórí àìsàn ní Ọ̀wọ̀, mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ló ń gbé omi gbígbóná wá láàárọ̀, á kí mi ní "Kóyo" láti ẹnu ọ̀nà, á wẹ̀ ọ́, á na apá àti ẹsẹ̀ rẹ, á fọ ìlédìí rẹ. Oyún Efosa wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí láti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà.

Ṣùgbọ́n wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kí ni wọ́n gbà ọ́ pé kí o máa ṣe? Pé kí o máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà báńkì kí olè má baà wọ̀ ọ́. Háà, Àlàbí! Ìwọ tí o pa ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ nítorí eré, ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ owó aráàlú? Bí o bá dákẹ́, ojoojúmọ́ ni wàá máa wo ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè sọ pé, "Ṣe èyí fún mi, tàbí kí n sọ." Àwọn tó ṣe nǹkan òjóró yẹn pàápàá, ta ló sọ fún ọ pé wọn kò mọ orúkọ rẹ? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó sàn kí ọ̀gá rẹ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ. Ó lè lé ọ. Ó sì lè wò ọ́ kó ní, ẹni tó lè jẹ́wọ́ yìí, ó ṣeé kọ́. Mi ò lè ṣèlérí èyí tó máa jẹ́. Bí wọ́n bá lé ọ, wá sílé. Yàrá rẹ ṣì wà, oúnjẹ wà, bàbá rẹ á padà sọ̀rọ̀. A ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Pe Efosa kó tó di pé o pe ẹnikẹ́ni. Ohùn rẹ ni kó gbọ́, má kọ ọ́ ránṣẹ́. Má sọ pé àṣìṣe ni, má sì sọ pé iṣẹ́ èṣù ni, nítorí èṣù kò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá Efosa. Sọ pé, "Na me." Lẹ́yìn ìyẹn, dákẹ́, jẹ́ kó bú ọ. Bí ó bá bú ọ títí ilẹ̀ fi ṣú, má pa fóònù. Ní ọjọ́ Sátidé, jókòó tì í síwájú àwọn tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí o dárúkọ ara rẹ ní kíkún, kí o sọ ọjọ́ tí o gbé e síbẹ̀ àti bí o ṣe gbé e. Lẹ́yìn náà, bá a nu kọ̀ǹpútà náà títí kò fi ní sí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́, kí o bá a gba í-meèlì rẹ̀ padà, kí ó pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ mìíràn. Ní ti iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, bí o bá ní láti jókòó tì í fún oṣù mélòó kan kí ẹ jọ tún un kọ, jókòó.

Bí ó bá sì dárí jì ọ́, má yára yọ̀. Bí kò bá dárí jì ọ́, má bínú sí i.

Èyí tó kù kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ohun tí mo ti ṣe ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo ti ní kí Efosa àti ìyá rẹ̀ wá jẹun nílé wa lálẹ́ Fúráìdé. Wọn kò mọ ìdí. Bàbá rẹ á wà níbẹ̀. Bí o bá pè é kó tó di ìgbà náà, oúnjẹ lásán ni yóò jẹ́, a ó jẹ ẹ́, a ó sunkún tí a bá fẹ́ sunkún. Bí o kò bá pè é, èmi ni n ó sọ ọ́, lójú ìyá rẹ̀, n ó sì kúnlẹ̀ sọ ọ́, èmi tí mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ní Sátidé, èmi ni n ó jókòó ti Efosa. N ó sọ orúkọ rẹ fún wọn.

Bó bá jẹ́ pé ẹnu mi ló gbà jáde, orúkọ Efosa á mọ́, inú mi á dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, wàá máa bá a pàdé níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, wàá máa na ọwọ́ sí i, òun náà á máa rẹ́rìn-ín sí ọ.

Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn. Èmi náà máa ń rín in. Pè é, ọmọ mi.

Èmi ìyá tó bí ọ, tí kò sì ní kọ̀ ọ́,
Màmá Olúmìdé.